Lọ́fíńdà Alẹ́ Nínú Oòrùn Ọ̀sán Ìkòtún

Ní Halifax, lórílẹ̀-èdè Kánádà, òórùn dídùn lè di ẹjọ́ síni lọ́rùn. Bí o bá fẹ́ wọ ilé ìwòsàn, ilé ìwé tàbí ọ́fíìsì níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìwé kan ti wà lára ilẹ̀kùn tó ń bẹ̀ ọ́ pé kí o jọ̀wọ́ fi lọ́fíńdà sílé. Àwọn kan wà tí òórùn líle máa ń há mọ́ lọ́fun tí wọn ò ní lè mí dáadáa mọ́, àwọn mìíràn orí ni yóò máa fọ́ wọn. Nítorí tiwọn ni wọ́n ṣe lẹ ìwé náà, kò sì burú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2000, ní ìpínlẹ̀ Nova Scotia yìí kan náà, ọ̀rọ̀ jẹ́ẹ̀lì irun àti nǹkan tí wọ́n ń fi sí abíyá gbé ọmọ ilé ìwé girama kan dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Wọn ò tì í mọ́lé ṣá o. Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Akówónjọ ní Èkó, tí bàbá mi kì í jáde lọ ra búrẹ́dì láìfín nǹkan sọ́rùn, irú ìlú yìí ni Ọlọ́run gbé oúnjẹ mi sí.

Òyìnbó kì í bá ọ sọ̀rọ̀ òórùn lójúkojú. Wọ́n á rẹ́rìn-ín sí ọ lówùúrọ̀, wọ́n á bi ọ́ bí òpin ọ̀sẹ̀ ṣe rí. Tó bá di ọ̀sán, ímeèlì á wọlé sí gbogbo òṣìṣẹ́ pátá: ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká rántí àwọn tí òórùn ń yọ lẹ́nu láàárín wa. Gbogbo òṣìṣẹ́, wọ́n ní. Yàrá tí mo wà, a ò pọ̀ rárá, àwọn yòókù sì rèé, omi àti ọṣẹ aláìlóòórùn ni wọ́n fi ń wẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn. Ta wá ni wọ́n ń bá wí?

Síbẹ̀, mo ra ìgò kan. Ọmọbìnrin tó tà á fún mi fín díẹ̀ sára bébà pẹlẹbẹ kan, ó jù ú síwá sẹ́yìn, ó ní kí n gbóòórùn ẹ̀. Ó ní ti ọkùnrin ni, ti alẹ́ ni, ìdílé igi àti Ìlà-Oòrùn ló ti wá. Lóòótọ́ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìdílé. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Michael Edwards ló fara balẹ̀ pín lọ́fíńdà ayé sí agboolé-agboolé ní àwọn ọdún 1980, àwọn ọlọ́jà sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ní agboolé tí ìgò tèmi ti wá, baba ni igi sandalwood, ìyá ni fànílà àti oje igi, kànáfùrù sì ni àǹtí tí ẹnu ẹ̀ mú. Mo bi ọmọ náà bóyá mo lè máa fín in lọ́sàn-án. Ó ní rárá o, á wúwo jù. Mo fi í sọ́kàn.

Oṣù Kejìlá ni mo kọ́kọ́ dán an wò níta, nínú òtútù tí imú fi ń le gbagidi. Mo fín in sọ́rùn, mo fín in sọ́wọ́, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tó fà á kò ṣòro. Òróró olóòórùn tí wọ́n fi ọtí là ni lọ́fíńdà. Èyí tí wọ́n ń pè ní eau de toilette, òróró inú ẹ̀ máa ń wà láàárín 5 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Eau de parfum, 15 sí 20. Ooru ara ló ń gbé òórùn náà dìde. Àwọn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bí èèpo ọsàn ló máa ń kọ́kọ́ sá lọ, kò ní pẹ́ tó ìdajì wákàtí. Kànáfùrù àti ẹgbẹ́ ẹ̀ á tẹ̀ lé e. Igi, oje àti fànílà ló ń kẹ́yìn. Àwọn ló ń bá èèyàn wọ orí ibùsùn. Ṣùgbọ́n bí òtútù bá ti mú awọ ara, tí o tún da súwẹ́tà àti jákẹ́ẹ̀tì lé e, gbogbo wọn á jókòó síbi tí o fín wọn sí, wọn ò ní í lọ ibì kankan. Ní Halifax, ọ̀rọ̀ ìgò mi kò kọjá àárín èmi àti kọ́là ẹ̀wù mi.

Mo gbé e wálé síbi ìgbéyàwó àbúrò mi, ní ìhà Akẹ̀sán, lẹ́yìn Ìgándò. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni ìsìn, jíjẹ-mímu á tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Níbo ni alẹ́ wà níbẹ̀? Ẹ bá mi wò ó. Ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ tí gbogbo àdúgbò yìí wà, tó ní èèyàn tó ju mílíọ̀nù kan lọ nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, tó fẹ̀ débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ pín in sí ọ̀nà mẹ́fà kí apá lè ká a, alẹ́ kì í ṣe àsìkò fàájì níbẹ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Ìyánà Ìpájà dé Ẹgbẹ́dá ni alẹ́. Ariwo ọlọ́jà àti agbèrò ní Ìkòtún ni alẹ́, tí onílé ń wá ọ̀nà ilé, tí ẹni tó fín lọ́fíńdà láàárọ̀ ti di ọ̀kan náà pẹ̀lú ẹni tí kò fín in. Aṣọ ẹbí, agbádá, gèlè, owó nínà, ọ̀sán gangan la máa ń ṣe gbogbo ẹ̀, lábẹ́ kánópì, nígbà tí ooru bá ti lé ní ìwọ̀n 30. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn tó sọ lọ́fíńdà yìí ní ti alẹ́, ilé tí wọ́n wò kò sí lójú ọ̀nà Ìdímù.

Mo fín in, mo wọ agbádá lé e, mo wọ kórópe ní Ìkòtún.

Awakọ̀ ló kọ́kọ́ dájọ́. Ó wo ẹ̀yìn nínú dígí. “Ọ̀gá mi, ẹ bá wa ṣí wíńdò yẹn. Kò burú o, ó kàn ti pọ̀ ju mọ́tò yìí lọ ni.” Ìyá oníṣòwò kan tó gbé báàgì lé itan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dá a lóhùn: “Fi í sílẹ̀ jàre, kó bá wa mú un dání. Ṣé o ò mọ̀ pé Solous ń bọ̀ níwájú ni?” Ẹni tó bá ti gba Ìgándò kọjá lójú ọ̀nà LASU mọ àkìtàn Solous, kò nílò kí n máa júwe ẹ̀. Ibẹ̀ ni ìgò mi ti pàdé ẹni tó jù ú lọ. Igi, oje, fànílà àti ìdọ̀tí Èkó jọ wọ̀yá ìjà nínú kórópe náà. Ìyá yẹn kò tọrọ àyè, ó fa etí agbádá mi, ó fi bo imú, ó sì dì í mú títí a fi kọjá. Nígbà tó fi í sílẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, ọkọ mi.” N kò rí irú ìyìn bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dé Kánádà. Ká ní Halifax ni, èmi àti òun la máa jọ fọwọ́ sí ìwé níwájú ọ̀gá.

Ní gbọ̀ngàn, ẹ̀gbọ́n màmá mi gbá mi mọ́ra, ó sì fà sẹ́yìn. “Ọmọ mi, ṣé ẹ̀yìn ń dùn ọ́ ni?” Mo ní rárá, mà. “Òórùn róòbù ni mò ń gbọ́ lára ẹ. Róòbù olówó.” Kànáfùrù ló tú mi fó. Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ kọ̀ jálẹ̀ pé kì í ṣe róòbù, pé òun mọ òórùn mímọ́ bí òun bá gbọ́ ọ. Láti ìgbà tí S. B. J. Oshoffa ti dá ìjọ náà sílẹ̀ ní Pọ̀tónófò ní ọdún 1947 ni lọ́fíńdà àti tùràrí ti ń bá àdúrà wọn lọ, nítorí náà ẹ̀rí rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé. Ó wá bi mí, ó rẹ ohùn sílẹ̀, orí pẹpẹ wo ni mo ti gbé e.

Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó ni ọ̀mọ̀wé inú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀kan gbá ọwọ́ mi mú láìkí mi, ó fi imú sí i, ó wo aago. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fọ ọwọ́ yìí o. Mò ń padà bọ̀.” Ó sì padà bọ̀ lóòótọ́ lẹ́yìn ìrẹsì, ó tún padà bọ̀ nígbà tí wọ́n ń náwó fún ìyàwó. Ohun tí wọ́n ń bi ara wọn kì í ṣe bóyá ó dùn. Wọ́n ń bèèrè wákàtí mélòó ló ń lò lára, wọ́n ń bèèrè bóyá ẹni tó wà nídìí tábìlì kejì ń gbọ́ ọ. Ìgò Dubai ni wọ́n fẹ́ràn, Asad ti Lattafa àti Club de Nuit Intense Man ti Armaf, wọ́n sì fi yé mi pé owó tí mo ná sí ọ̀kan yẹn tó ra mẹ́ta tiwọn kó sì ṣẹ́kù owó mọ́tò. Ọ̀kan búra pé tòun máa ń wà lára òun di ọjọ́ kejì, bí òun tilẹ̀ wẹ̀. Mo bi í pé báwo ló ṣe ń wẹ̀.

Èmi tí mo fín in ńkọ́? N kò ní nǹkan kan sọ. Imú èèyàn kì í pẹ́ mọ òórùn lára. Bí òórùn kan bá ti wà lára ẹni fún ìwọ̀nba àkókò, imú á pa á tì, kò ní ròyìn ẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọkùnrin kan fi ń fín in kún un lọ́sàn-án, tí wọ́n tún ń fín in kún un nírọ̀lẹ́, tí wọ́n ń bú ilé iṣẹ́ tó ṣe é pé kì í pẹ́ lára, nígbà tí àwọn tó jókòó tì wọ́n ti ń fi ọwọ́ di imú gbàdúrà. Nínú gbogbo ẹ̀rí tí wọ́n lè jẹ́ nípa lọ́fíńdà, ti ẹni tó wọ̀ ọ́ ni mo fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Àwọn ẹlẹ́rìí gidi wà ní Halifax náà, wọn ò kàn ní í sọ ọ́ fún ọ ni. Ti awakọ̀ kórópe wù mí jù. Ó ń tani, ṣùgbọ́n kì í gba ímeèlì.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo yà lọ́dọ̀ ààfáà kan tó ń ta òróró nínú ọjà Ìkòtún. Tábìlì kékeré, ìgò oríṣiríṣi, sìríńjì tó fi ń wọ̀n ọ́n. Kò sí ọtí nínú tiẹ̀, ìyẹn ni àwọn tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí ṣe ń rà á, ìyẹn náà ni kì í jẹ́ kí oòrùn tètè gbé e lọ. Ó kán ẹ̀kán kan sí mi lọ́wọ́. Oud ni. Igi tí oud ti ń wá, tó ń hù ní Íńdíà, Kàm̀bódíà àti agbègbè wọn, kì í ta sánsán nígbà tí ara ẹ̀ bá le. Ìgbà tí inú ẹ̀ bá bu, tí àìsàn wọ̀ ọ́, ló ń sun oje dúdú tí àwọn olówó ayé ń dù. Mo bi ààfáà bóyá ògidì ni tiẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí. “Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ ògidì, ṣé ojú oòrùn yìí lẹ ti máa bá mi?”

Lójú àwọn ará Paris, àfi bíi pé ọdún 2002 ni oud ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé. Ọdún yẹn ni Yves Saint Laurent gbé M7 jáde fún ọkùnrin, nígbà tí Tom Ford ń darí iṣẹ́ ọnà wọn, wọ́n sì fi àwòrán ọkùnrin tó wà ní ìhòòhò goloto polówó ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òróró olóòórùn kì í ṣe nǹkan tuntun lọ́dọ̀ wa: ní nǹkan bí ọdún 1920, Eric Burgess tó ń ṣiṣẹ́ fún W. J. Bush ti Lọ́ńdọ̀nù ti ṣe Bint el Sudan, òróró tó ti Sudan tàn dé ilẹ̀ Haúsá àti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá wa. Àwòrán ara ìgò tiẹ̀ ni obìnrin tí kò wọ nǹkan sókè. Láti ìgbà náà títí dé 2002, kò tíì sí ẹni tó bá àwọn èèyàn yìí sọ ọ́ pé aṣọ kì í dí òórùn lọ́wọ́. Ìgò ti ààfáà kò ní àwòrán kankan. Ó fi bírò kọ “ALẸ́” sára tèmi, nígbà tí mo sọ fún un pé Kánádà ni mò ń gbé e lọ. Ó ní òun gbọ́ pé ilẹ̀ kì í pẹ́ ṣú níbẹ̀.

Òróró ààfáà ni mo fi lọ síbi ìkómọ kan tí àwa Yorùbá ṣe ní Halifax, nínú gbọ̀ngàn tí a yá. Ìwé náà wà lára ilẹ̀kùn, a kà á, a wọlé. Èmi nìkan kọ́ ni mo jẹ̀bi. Bí àwọn ọkùnrin ṣe ń bọ ara wọn lọ́wọ́, olúkúlùkù ń gbọ́ ti ẹnì kejì, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Bí bàbá òyìnbó tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn náà ṣe yọjú, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé imú sókè, ó ní, kí ló ń ta sánsán báyìí? Ìyá Ìbejì tó dáná fún wa kò jẹ́ kó tutù, ó ní àsun ni, ó sì bu ti bàbá náà sí pepé kó tó lè wo ìwé ara ilẹ̀kùn. Ó jẹun lórí ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó jẹ ẹ́ tán, ó pa ojú dé, ó ní òun ń gbọ́ òórùn igi nínú ẹran náà, igi kan tí òun kò lè dárúkọ.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, igi ni wọ́n fi yan án. Oníná mànàmáná ni ààrò ilé Ìyá Ìbejì.