Ṣé Ewúrẹ́ Náà Fi Iyọ̀ Wẹ̀ Ni?

Ẹ̀yin tí ẹ fún mọ́ra nínú táksí Micra lábẹ́ afárá Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, ẹ ní kí dẹ́rẹ́bà yí rédíò sókè díẹ̀. Mo ní ẹjọ́ bá yín rò.

Kò sẹ́ni tó lè rẹ́ yín jẹ lọ́jà. Ẹ wo ìyá tó ń ra tòmátò: á tẹ̀ ẹ́ nínú, á yí ìdí rẹ̀ wò, á ní kí wọ́n da apẹ̀rẹ̀ délẹ̀ kí òun rí ti ìsàlẹ̀. Bí dẹ́rẹ́bà bá fowó kún owó ọkọ̀ Sáńgo, gbogbo ọkọ̀ á di lọ́yà: "Epo wọ́n? Nílé epo wo? Láti ìgbà wo?" Kí fóònù ìyá yìí kan náà wá dún "tìn!" Á ka iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i, á sì gbé e mì káló.

Ẹ rántí ọdún 2014. July 20 ni Patrick Sawyer gbé Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà. Nígbà tó fi di August 8, àtẹ̀jíṣẹ́ ti ń fò káàkiri Nàìjíríà: ẹ fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, kí ẹ sì mu nínú rẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó bá ń sùn jẹ́jẹ́, àwọn ará ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ilẹ̀kùn mọ́ ọn lórí. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru tí dókítà ti kìlọ̀ iyọ̀ fún ń fi ife mu ún! Àjọ Ìlera Àgbáyé ní láti jáde sọ pé omi iyọ̀ kì í wo Ebola. Ìròyìn gbé e pé ó kéré tán, èèyàn méjì bá omi iyọ̀ yẹn lọ. Ebola ò mọ ilé wọn, iyọ̀ ló wọlé tọ̀ wọ́n.

Ẹ wá gbọ́ ẹ̀rí àwọn tó yè é. "Mo fi iyọ̀ wẹ̀, mi ò sì kó Ebola." Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó yín tó kọ̀ tí kò wẹ̀ ńkọ́? "Òun náà ò kó o." Ewúrẹ́ ẹ̀yìnkùlé ńkọ́? "Kò kó o." Ṣé ewúrẹ́ náà fi iyọ̀ wẹ̀ ni? Ẹ̀gbọ́n bá bínú. Kì í ṣe iyọ̀ ló gbà wá. Àwọn tó ń wá gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn kiri, tí wọ́n ń ṣọ́ wọn fún ọjọ́ 21, ni wọ́n lé Ebola lọ. Èèyàn 20 ló kó o, 8 kú, October 20 sì ni wọ́n kéde pé a ti bọ́.

Ẹ má sọ fún mi pé òyìnbó ló kọ́ wa ní ìbéèrè o. Olúbí Ṣódípọ̀ àti Barry Hallen, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, jókòó ti àwọn oníṣègùn wa, wọ́n sì gbé ìwé jáde lórí ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu wọn ní 1986. Ohun tí ojú rẹ bá rí, tí ọkàn rẹ sì jẹ́rìí sí, òun ni àwọn bàbá yẹn ní o mọ̀. Èyí tí wọ́n sọ fún ọ, o kàn gbà á gbọ́ ni, o sì ṣì ní láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́ẹ̀, wọn ò ní WhatsApp.

Ibi tí wàhálà wà ni pé àgbà ló sábà máa ń fi irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́. Ta ló máa wo ojú bàbá kó ní irọ́ ni? Kò di dandan kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ dọ̀bálẹ̀, kódà lórí fóònù, kí ẹ ní: "Ẹ ṣeun sà. Ta ló fojú ara rẹ̀ rí i?"

Mo ti dán an wò. Bàbá kan ní Mọ́kọ́lá fi ránṣẹ́ sí mi pé ewé kan ń wo gbogbo àìsàn pátá, kí n fi ṣọwọ́ sí èèyàn 20. Mo bi wọ́n. Wọ́n ní àbúrò àwọn ní Bódìjà ló fi ránṣẹ́. Mo pe àbúrò, ó ní pásítọ̀ kan ní Challenge ni. Mo pe pásítọ̀, wọ́n ní bàbá àgbà kan ni, olóòótọ́ èèyàn, ní Mọ́kọ́lá. Mo béèrè orúkọ. Orúkọ Bàbá wa náà ni!

Mo sáré padà lọ sọ fún wọn. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ṣé o rí i báyìí? Òótọ́ ni mo sọ. Pásítọ̀ gan-an ti gbọ́ nípa rẹ̀."