Fìlà tí Ikú Ṣí

Àwọn baba wa tí wọ́n ní ikú tí ìbá pani, bí ó bá ṣíni ní fìlà, ọpẹ́ là á dá, wọn kò dé Oṣòdì Òkè ní Èkó ní àṣáálẹ́ kí wọ́n tó sọ ọ́, Oṣòdì tí kì í sùn, tí kì í tòògbé, tí ń jí kí àkùkọ tó kọ. Bí wọ́n bá dé ibẹ̀, tí wọ́n rí géńdé tí orí rẹ̀ pé, tí ó fi afárá ẹlẹ́sẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ lókè, tí ó ká ṣòkòtò, tí ó sáré gba àárín dánfó àti tírélà, tí ó sì gúnlẹ̀ sí òdìkejì tán tí ó wá na ọwọ́ sókè pé, "Ọba mímọ́, o ṣeun o," ó dá mi lójú pé wọn ì bá fi ìbéèrè kan kún òwe náà: ta ni ó gbé fìlà lọ bá ikú?

Ọjọ́ Ìsinmi a dé, olúwarẹ̀ a jó dé iwájú pẹpẹ, ìjọ a hó yèè. Kò burú. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ kí ẹnìkan jáde dúpẹ́ pé òun gun afárá, òun sì sọ̀ kalẹ̀ láìsí ìpayà. Ewu tí kò ṣẹlẹ̀ kò ní onílù.

Àìsàn kí a má ka ewu tí kò ṣẹlẹ̀ sí yìí gan-an ni ó ń ṣe ìjọba. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2009, Gómìnà Fáṣọlá ti ìpínlẹ̀ Èkó kó ọjà Oṣòdì kúrò lẹ́bàá títì. Ní ọjọ́ 24 oṣù Igbe 2019, Ààrẹ Buhari wá ṣí gáréèjì gìrìwò tí Gómìnà Àḿbọ̀dé kọ́ síbẹ̀, ilé mẹ́ta tí afárá so pọ̀. Ní 2018, ìjọba àpapọ̀ gbé ọ̀nà Àpápá sí Oṣòdì títí dé Òjòtá fún Dangote ní bílíọ̀nù náírà 72.9, pé kí ó fi kọnkéré tún un ṣe, kí ó sì máa yọ owó náà nínú owó orí iléeṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá rántí ojú tí a rí láti Mile 2 dé Ìyànà Ìsọlọ̀, nígbà tí tírélà fi títì ṣe ilé, kò ní bá kọnkéré jà. Àmọ́ títì tí ó jọ̀lọ̀ a máa mú awakọ̀ sáré. Ìṣẹ́jú tí awakọ̀ sì jèrè, ẹni tí ń fẹsẹ̀ sọdá ni ó ń fi ẹ̀mí san án. Irin ìdábùú láàárín títì, iná lórí afárá, ibùdókọ̀ tí ó kángun sí ìdí àtẹ̀gùn, owó kékeré ni wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ bílíọ̀nù; síbẹ̀, ta ni yóò pe Ààrẹ láti Àbújá pé kí ó wá ṣí gílóòbù? Ta ni yóò ya fọ́tò ẹni tí kò kú?

Kí n má parọ́ mọ́ asáré wa, òun náà mọ ìṣirò. Wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ní Oṣòdì, ọjà ni ó wọ ọ̀nà: a lé e nílẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn. Kọ̀ndọ́ já asáré náà sílẹ̀ níbi tí ó wu dánfó, àtẹ̀gùn jìnnà, ilẹ̀ ti ṣú, àwọn ajáfóònùgbà sì lè wà lókè. Ó wọ̀n ọ́n wò: làálàá àtẹ̀gùn dájú, ikú kò dájú. Òṣùwọ̀n ìjọba ìpínlẹ̀ ní Alausa náà nìyẹn.

Bí ọwọ́ àwọn KAI, agbófinró àyíká tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní 2003, bá tẹ asáré yìí, kóòtù alágbèéká yá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ya àwòrán títì, tí ó fi àtẹ̀gùn sí ibi tí ẹsẹ̀ kì í gbà, a kò tíì gbọ́ pé wọ́n pè é lẹ́jọ́ níbẹ̀ rí.