Òsúkè Níbi Ìdána

Olùkọ́ báọ́lọ́jì ni mí, mo sì lẹ́nu, nítorí náà èmi ni ẹbí wa fi ṣe agbẹnusọ níbi ìdána ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Wọn ò mọ̀ pé nínú ọkọ̀ ni mo ti ń ki mọ́ínmọ́ín bọnu, tí mo wá da mínírà tútù lé e lórí títí ikùn mi fi le bí awọ ìlù.

A dọ̀bálẹ̀, a dìde. Mo tún fìlà ṣe. "Ẹ̀yin àna wa, òdòdó kan la rí nínú ọgbà yín, òun la wá... hík!... já."

Alága ìjókòó na abọ́ sí mi. "Nílé yìí, a kì í súkè sí àna lójú. Ẹgbẹ̀rún kan náírà!"

Mo san án. Níbi tí ọlọ́gbọ́n ìbá ti jókòó, èmi fọwọ́ kan ìpàkọ́, mo bẹ̀rẹ̀ kíláàsì. Mo ní ẹ̀bi medulla oblongata ni, ìsàlẹ̀ ọpọlọ tí kò gùn ju bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, tó gba ihò abẹ́ agbárí kọjá di okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni àṣẹ èémí, ìgbémì, sísín àti èébì ti ń wá, a sùn o, a jí o. Ikùn wú, iṣan vagus gbé ìròyìn gòkè, àṣẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹran pẹlẹbẹ tó pààlà àyà àti ikùn fà lójijì, afẹ́fẹ́ já wọlé, gòǹgò sì pa dé gbàmù. Hík! Ẹgbẹ̀rún kan.

Kí ọkàn wọn lè balẹ̀, mo ní Charles Osborne ará Amẹ́ríkà súkè láti 1922 títí di 1990.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" ni ìyá ìyàwó kígbe.

Ẹnìkan ní kí n sé èémí. Mo sé e títí ojú mi fi ń yọ síta, ṣùgbọ́n medulla náà ló ń ṣọ́ káríbọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì inú ẹ̀jẹ̀. Ó pọ̀ tán, medulla fipá là mí lẹ́nu. Mo mí hẹ̀ẹ̀, mo sì súkè lé e. Èmi tí mo ń fi orúkọ rẹ̀ na ọmọ ọlọ́mọ nínú ìdánwò!

Ni ìyá àgbà ilé wọn bá já òwú kan létí ìborùn rẹ̀, ó fi itọ́ rin ín, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi níwájú orí bíi ti ọmọ ọwọ́, tèmi ti irùngbọ̀n funfun. Oníkámẹ́rà sún mọ́ wa. Òsúkè dá wáí.

Mo fẹ́ ṣàlàyé pé òwú kọ́, pé ó ti tó àkókò tí ikùn yóò rọ̀. Alága ti tún na abọ́.

"Owó òwú dà?"