Àlàfo Inú Férémù: Àkíyèsí Lórí Yíyan Kẹ̀kẹ́ Onídíìsì ní Ungwan Dosa

Àlàfo tí ó wà láàárín táyà kẹ̀kẹ́ ológeere àti férémù rẹ̀ jẹ́ ohun tí àwọn tí ń ta kẹ̀kẹ́ kì í sábà mẹ́nu bà, bẹ́ẹ̀ sì ni òun gan-an ni ó ń pinnu bóyá kẹ̀kẹ́ tí a fowó rà yóò rìn lójú ọ̀nà tàbí yóò fara ti ògiri pálọ̀ títí ayé. Férémù ni egungun kẹ̀kẹ́, ìyẹn àwọn páìpù irin tàbí ti alumíníọ̀mù tí a jó pọ̀ mọ́ra, tí ìjókòó, pẹ́dàlì àti wíìlì ẹ̀yìn so mọ́. Fọ́ọ̀kì ni apá iwájú tí ó la ẹnu méjì láti gba wíìlì iwájú. Bí táyà bá fẹ̀ ju ohun tí àwọn ẹnu wọ̀nyí lè gbà lọ, kò sí àdúrà tí yóò mú un wọlé, bí a bá sì fi ipá tì í wọlé, yóò máa ha férémù lára títí tí ọ̀kan nínú wọn yóò fi gba fún èkejì.

Irú bíréèkì tí férémù kan ń lò ni ó sábà máa ń sọ bí àlàfo yìí ṣe máa fẹ̀ tó. Bíréèkì àtijọ́ ti kẹ̀kẹ́ eré ní apá méjì tí ó gba orí táyà kọjá, tí ó sì ń fi rọ́bà fún ríìmù, ìyẹn òrùka tí táyà jókòó lé, lọ́tùn-ún àti lósì, nítorí náà apá wọ̀nyí di òrùlé fún táyà, ó sì ṣòro kí táyà tí ó fẹ̀ ju mílímítà 28 lọ kọjá lábẹ́ púpọ̀ nínú wọn. Bíréèkì onídíìsì kò bá ríìmù da nǹkan pọ̀ rárá: àwo irin pẹlẹbẹ kan ni a dè mọ́ àárín wíìlì, irú èyí tí ó wà lára ọ̀kadà, páàdì méjì ni ó sì ń fún àwo náà nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, òrùlé wá ṣí kúrò, àwọn tí ń ṣe férémù sì lè fẹ àlàfo náà dé mílímítà 32, 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. UCI, ẹgbẹ́ tí ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, bẹ̀rẹ̀ sí í dán díìsì wò nínú eré ojú títì ní 2015, ó dá a dúró ní oṣù kẹrin 2016 nígbà tí eléré kan tí ó fara pa nínú eré Paris–Roubaix sọ pé díìsì ni ó gé òun lẹ́sẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i pátápátá ní oṣù keje 2018.

Ibi tí ọ̀fìn wà ni pé kì í ṣe gbogbo férémù onídíìsì ni ó fẹ̀ nínú. Púpọ̀ nínú àwọn tí a kọ́kọ́ ṣe, kí UCI tó fọwọ́ sí i, kò ju férémù àtijọ́ tí a so ibùdó díìsì mọ́ lọ, tí àlàfo rẹ̀ kò sì kúrò ní mílímítà 25 tàbí 28; àwọn wọ̀nyí náà ni ó ti gbó tó báyìí láti di tòkúnbọ̀, àwọn ni owó wọn kò ga, àwọn ni ó sì ń wu ẹni tí àpò rẹ̀ kò kún.

Ungwan Dosa, ibi tí ọ̀fìn yìí ti mú òǹkọ̀wé àkíyèsí yìí, wà ní apá àríwá ìlú Kàdúná, kò jìnnà sí Kawo àti Malali, ìrìn orí kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ sì máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀dà kí ó tó parí sórí ilẹ̀ pupa. Láti nǹkan bí oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá ni òjò máa ń fọ ilẹ̀ náà di kòtò àti ẹrẹ̀ tí ó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, nígbà tí ọyẹ́ bá sì dé, ilẹ̀ kan náà yóò di eruku tí ń wọ ojú, imú àti ṣéènì. Láti ìgbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná ti fòfin de ọ̀kadà ní 2021 nítorí ètò ààbò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín mọ́ bí àgbàlagbà bá ní òun fẹ́ máa gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Àlàyé yìí pọn dandan, kí a má baà rò pé àìgbọ́n nìkan ni ó bí ohun tí òǹkọ̀wé àkíyèsí yìí ṣe, tí a fẹ́ sọ báyìí.

Òǹkọ̀wé náà, ọmọ Yorùbá tí ó fi Ungwan Dosa ṣe ibùgbé, yan férémù rẹ̀ nítorí àwọ̀ ewéko tí ó ní. Ìdí ni pé ní 2024, Biniam Girmay, eléré kẹ̀kẹ́ ọmọ Eritrea, borí ní ìpele mẹ́ta nínú eré kẹ̀kẹ́ Tour de France, ó sì wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń dá ẹni tí àmì ayò rẹ̀ pọ̀ jù lọ lọ́lá, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò gbà á. Kò sí ìwé kankan lágbàáyé tí ó kọ ọ́ pé àwọ̀ férémù ní nǹkan ṣe pẹ̀lú àlàfo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dá òǹkọ̀wé náà lójú pé ohun tí ó dára fún Girmay yóò dára fún Ungwan Dosa. Ẹni tí ń tà á sọ pé “táyà 28” ni ó ń gbà, òǹkọ̀wé náà sì mi orí bí ọ̀mọ̀wé, nítorí pé láti kékeré ni ó ti ń gbọ́ pé kẹ̀kẹ́ ńlá, irú Raleigh tí àwọn bàbá ń gùn, táyà 28 ni.

Raleigh, tí a dá sílẹ̀ ní ìlú Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń lo 28 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ínṣì ni 28 tirẹ̀, ìyẹn bí wíìlì ṣe ga tó láti ilẹ̀ dé òkè. 28 ti férémù aláwọ̀ ewé náà sì jẹ́ mílímítà, ìyẹn bí táyà ṣe fẹ̀ tó láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Òǹkọ̀wé náà ra táyà 28 ní ọjà, ó gbé e délé, ó sì gbé e lé ríìmù, táyà náà sì dúró lára ríìmù bí agbádá bàbá lọ́rùn ọmọ. Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro: ibi tí etí táyà ti ń jókòó lórí ríìmù kẹ̀kẹ́ eré, tí wọ́n ń pè ní 700C, jẹ́ mílímítà 622 láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, ti Raleigh sì jẹ́ 635, mílímítà 13 sì ni ìyàtọ̀ tí kò sí afẹ́fẹ́ tí ó lè dí i. Òǹkọ̀wé náà fẹ́ fi afẹ́fẹ́ dí i, táyà náà sì fò kúrò pẹ̀lú ariwo tí ó mú kí àwọn aládùúgbò jáde síta.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e burú díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìwọ̀n ni a fi ṣe é. Òǹkọ̀wé náà mú rúlà, ó wọn ẹnu fọ́ọ̀kì, ó sì rí i pé táyà mílímítà 35 yóò wọlé láì fara kan nǹkan kan, ó wá ra méjì. Bẹ́ẹ̀ sì ni iwájú kò tíì ṣe ẹ̀rí fún ẹ̀yìn rí: lẹ́yìn pẹ́dàlì ni àwọn páìpù méjì tí ó di wíìlì ẹ̀yìn mú ti máa ń fún jọ jù lọ, nítorí pé wọ́n gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún jíà àti ṣéènì, ibẹ̀ ni ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ wọ̀n, kí a sì yọ ó kéré tán mílímítà mẹ́rin sí mẹ́fà lọ́tùn-ún àti lósì fún ẹrẹ̀ kí a tó gba iye tí ó kù ní ìwọ̀n táyà. Táyà ẹ̀yìn wọlé, ó sì yí nínú pálọ̀. Nígbà tí òjò rọ̀, ẹrẹ̀ Ungwan Dosa kún ìwọ̀nba àyè tí ó ṣẹ́ kù, wíìlì náà dúró gbọn-in, òǹkọ̀wé náà sì dúró pẹ̀lú rẹ̀ láàárín ọ̀nà, ó ń fi igi ha ẹrẹ̀ náà kúrò. Bàbá Hausa kan tí ó di ẹrù koríko sẹ́yìn Raleigh kọjá lára rẹ̀ láìdúró, ó sì kí i pé “Sannu da aiki”, ìyẹn ìkíni fún ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Táyà Raleigh náà sì fẹ̀ tó nǹkan bí mílímítà 40, ohun tí àwọn tí ń ta férémù ìgbàlódé ń pè ní àrà tuntun ti wà lábẹ́ ẹrù koríko láti ayé àwọn bàbá ńlá.

Ti irin àárín tí pẹ́dàlì ń yí lórí rẹ̀, èyí tí òǹkọ̀wé náà fẹ́ tú, kò gba ọ̀rọ̀ gígùn. Ìdí pẹ́dàlì nínú ọ̀pọ̀ férémù ní ojú ìyí ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí apá ṣéènì rẹ̀ ń yí sí òdìkejì bí a ṣe ń yí nọ́ọ̀tì yòókù, tí ó túmọ̀ sí pé bí a bá fẹ́ tú u, apá ọ̀tún ni a óò yí i sí. Òǹkọ̀wé náà yí i sí òsì, kò tú, ó gun orí sípánà, kò tú, ó sì ń bá a lọ láti máa mú un le sí i títí tí mai gyara, bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe níbẹ̀, fi ní kí ó sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀ràn díìsì ni ó yẹ kí a dúró lé. Nígbà ọyẹ́, eruku wọ àárín páàdì àti àwo, bíréèkì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké, òǹkọ̀wé náà sì ronú bí ẹni tí ó mọ̀ pé ilẹ̀kùn tí ń ké, epo ni oògùn rẹ̀. Ó fi epo ẹ́ńjìnnì pa àwo náà ní iwájú àti ní ẹ̀yìn, igbe náà sì dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú agbára ìdádúró. Páàdì ń dá àwo dúró nípa pé wọ́n ń ha ara wọn, epo sì ni ọ̀tá ìhara. Kì í ṣe ojú páàdì nìkan ni ó ń dúró sí, ó ń wọ inú rẹ̀, débi pé a lè fi sípírítì nu àwo náà mọ́, ṣùgbọ́n páàdì tí epo ti mu yó, pípààrọ̀ ló kù. Òkè iyanrìn tí ẹnì kan dà sílẹ̀ láti fi kọ́lé ni ó dá kẹ̀kẹ́ náà dúró, onílé náà kò sì bínú, bí kò ṣe pé ó ní kí òǹkọ̀wé náà kó iyanrìn tí ó túká jọ.

Lẹ́yìn èyí ni òǹkọ̀wé náà yí ètò rírà padà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Táyà tí ó wà ní ọjà ni ó kọ́kọ́ yàn, ìyẹn 700 × 38 tí ó ń bá àwọn kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ olówó pọ́ọ́kú wọlé; ó yan wíìlì tí ó bá a mu, ó wo bí irin àárín wíìlì náà ṣe nípọn, nítorí pé wíìlì tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ àtijọ́ gbé, tí ó gba àyè mílímítà 135 lẹ́yìn, kò lè wọ férémù tí a ṣe fún irin ńlá mílímítà 12 tí ó gba 142; lẹ́yìn náà ni ó gbé rúlà lọ bá férémù. Èyí tí ó rí jẹ́ irin, ó wúwo, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ọtí tí ó ti kan, àlàfo ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 48. Bíréèkì onídíìsì tí ó ń lo wáyà ni ó fi sí i, kì í ṣe èyí tí ó ń lo epo inú páìpù, nítorí pé kò sí mai gyara tí kò ní wáyà bíréèkì, nígbà tí irú epo tí bíréèkì kan ń fẹ́ lè ba òmíràn jẹ́. Férémù aláwọ̀ ewé náà ṣì wà fún títà ní Ungwan Dosa, owó rẹ̀ kò ga, táyà 28 ni ó ń gbà, mílímítà sì ni.