Ọlọ́dẹ Ń Bọ̀ o!

N'Íbàdàn wa níbí, onílé á ri àfọ́kù ìgò sórí ògiri, á fi irin dí fèrèsé, á wá kọ ọ́ sára géètì pé ajá burúkú wà nílé. Ajá ọ̀hún rèé, bí àlejò bá dé, abẹ́ àga ló ń sá sí.

Ọlọ́dẹ ló tiẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Bó bá di aago méjì òru, á gbá irin mọ́ òpó iná: gbàn! gbàn! Àwa ta jí, ọmọ ọwọ́ figbe ta. Olè nìkan ló jèrè: ó ti mọ ibi tí bàbá wà, ó kù kó yà sí àdúgbò kejì. Bó bá gbọ́ fèrè, bàbá ti ń padà bọ̀ nìyẹn, kó tètè palẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ìparí oṣù ni kẹ́ ẹ wá wò ó. Kò ní irin lọ́wọ́, kò fọn fèrè, jẹ́jẹ́ ló ń kan géètì: “Àgò onílé o! Owó ọdẹ ńkọ́?”