Sí Alága Káńsù Wa, Tí Àwòrán Rẹ̀ Ga Ju Ẹ̀rọ Omi Lọ

Alága wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ayẹyẹ ìṣíde. Ó yẹ kí n kọ àdírẹ́sì mi sápá ọ̀tún lókè gẹ́gẹ́ bí àwọn tísà ṣe kọ́ wa, àmọ́ ẹ̀yin gan-an lẹ ò jẹ́ kó ṣeé ṣe. Kò sí orúkọ àdúgbò wa lára òpó kankan, ilé tí mò ń gbé ò sì ní nọ́ńbà. Ká má purọ́, nọ́ńbà wà lára rẹ̀, ó tilẹ̀ pọ̀ jù. Àwọn tó ka ènìyàn lọ́dún 2006 kọ tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Àwọn tó ń kán oògùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ sọ́mọdé lẹ́nu fi ṣọ́ọ̀kì kọ tiwọn sábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó pín àpò ẹ̀fọn fa ìlà tiwọn. Àwọn oníná kọ tiwọn síbi mítà. Bàbá onílé fúnra rẹ̀ fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà pé ilé yìí kì í ṣe títà, kí àwọn gbájúẹ̀ má bàa tà á mọ́ ọn lórí. Gbogbo ayé ló ti kọ nǹkan sára ògiri wa tán, ó ku káńsù nìkan, bẹ́ẹ̀ káńsù lòfin gbé iṣẹ́ náà fún.

Ọlọ́kadà tó ń gbé ẹrù kiri pè mí láìpẹ́ yìí, ó ní òun ti wà ládùúgbò, òun ò rílé. Mo ní, “Tó o bá kọjá ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, wàá rí ìyá alákàrà.” Ó ní òun ò rí ìyá kankan. Mo ní, “Ó ti tà tán nìyẹn, máa bọ̀ títí wàá fi dé ìdí igi dọ́gọ́yárò.” Ó ní kò sí igi níbẹ̀. Òótọ́ ló sọ, wọ́n ti gé igi náà láti ọdún tó kọjá, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ la ṣì fi ń júwe ọ̀nà. Èmi ni mo jáde lọ bá a lẹ́yìn ọ̀rẹyìn, pẹ̀lú sálúbàtà tó já lẹ́sẹ̀ kan.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 1999 wà lọ́wọ́ mi, Alága. Ó ti gbó, àmọ́ ojú ewé tó kàn yín ò tíì já. Àfikún Kẹrin ni. Mo kà á láti òkè dé ilẹ̀, mo sì rí i pé ẹ lágbára ju bí ẹ ṣe ń fara hàn lọ. Ẹ̀yin lẹ láṣẹ lórí kẹ̀kẹ́ ológeere, lórí ọmọlanke, lórí bárò, lórí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń fàjẹ̀ wà. Ajá tí kì í jẹ́ kí n sùn lóru, abẹ́ yín ló wà. Ilé ọtí, ilé búrẹ́dì, alágbàfọ̀, ìsọ̀, ọjà, gáréèjì, odò ẹran, itẹ́ òkú, ẹ̀yin náà ni. Bí wọ́n bá bímọ, òfin ní kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí èèyàn bá kú, ẹ kọ ìyẹn náà. Owó àṣẹ rédíò pàápàá ṣì wà níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbà á, ẹ wá, rédíò mi wà ńlẹ̀. Lórí rédíò yẹn náà ni mo ti gbọ́ ọ nígbà ìpolongo pé ẹ máa sọ ìlú wa di Dubai kékeré. Mi ò rí Dubai nínú Àfikún Kẹrin. Gọ́tà ni mo rí.

Nínú gbogbo agbára yín, èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé pátákó ìpolówó tó bá dúró síta gbangba, káńsù ló ń ṣàkóso rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èyí tí àwòrán yín wà lára rẹ̀ ní oríta wa, ta ló fún un níwèé àṣẹ? Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ̀wé sí ara yín, tí ẹ jókòó, tí ẹ gbé e yẹ̀ wò, tí ẹ wá fọwọ́ sí i? Ṣé ẹ já rìsíìtì fún ara yín?

Mo dúró níbẹ̀, mo wò ó dáadáa. Nítorí ẹ̀rọ omi ni wọ́n ṣe gbé pátákó náà síbẹ̀. Táǹkì dúdú kan wà lórí irin, ẹnu ẹ̀rọ mẹ́rin wà nísàlẹ̀, ọ̀kan ti kán, wọ́n fi igi dí i. Aláǹgbá méjì ń lé ara wọn lórí sìmẹ́ńtì tó yẹ kómi máa ṣàn sí. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ jókòó síbi tí òjìji yín bọ́ sí, torí ibẹ̀ nìkan ni ìbòòji wà. Mo bi í pé ìgbà wo lomi yọ kẹ́yìn. Ó gbójú sókè wo yín, ó ní, “Ọjọ́ tí wọ́n wá ya fọ́tò ni.” Àwòrán náà ò lábùkù ṣá o. Wọ́n ń nù ún.

Ẹ jẹ́ ká fi pátákó sílẹ̀ ká wá sídìí gọ́tà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Láti ìgbà ìjọba Bùhárí àti Ìdíàgbọn ni wọ́n ti kọ́ wa pé ká máa jáde tún àyíká ṣe lóṣooṣù. Wọ́n ti jáwọ́ ńbẹ̀ láwọn ibòmíì, àmọ́ àdúgbò tiwa ṣì ń ṣe é ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù. A ó gbé ṣọ́bìrì, a ó gbé ọkọ́, a ó kó ẹrẹ̀ àti ọ̀rá piọ wọ́tà àti ike ọṣẹ jọ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Iṣẹ́ tiwa parí síbẹ̀. Ó ku kí ọkọ̀ káńsù wá gbé e. Ọkọ̀ ò ní í wá. Òkìtì náà á gbẹ, koríko á hù lórí rẹ̀, ewúrẹ́ á máa gùn ún. Tí òjò gidi kan bá wá rọ̀ báyìí, gbogbo rẹ̀ á ya padà sínú gọ́tà, omi á sì gba iwájú ilé wọlé kí wa. Lóṣù tó bá tẹ̀ lé e, a tún jáde. Ẹrẹ̀ kan náà la ń kó, Alága. A ti mọ̀ ọ́n lójú. Ike ìpara pupa kan wà nínú rẹ̀ tí ìyàwó mi máa ń kí pé, “Ìwọ náà ti padà dé?”

Nígbà ayé àwọn bàbá wa, ọwọ́ wọléwọlé nirú èyí wà. Lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn eku bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 1924, Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé tún iṣẹ́ àwọn wọléwọlé tò, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yábàá. Láti ibẹ̀ lọ, kò sí ìlú tí ẹsẹ̀ wọn ò dé. Kákí ni wọ́n ń wọ̀. Wọ́n á ṣí ìkòkò àmù wò bóyá tanwíji wà nínú rẹ̀, wọ́n á wo ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á sì pe onílé lẹ́jọ́ bó bá dọ̀tí. Àwọn èèyàn kórìíra wọn bí nǹkan míì. Àmọ́ bí mo bá rí ọ̀kan lónìí, màá fún un lómi tútù, màá sì fi ọ̀nà sẹkitéríàtì yín hàn án, kó lọ ṣí táǹkì tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì yín wò.

Ọ̀rọ̀ ọjà ò ní í gùn. Àwọn ọmọ onítíkẹ́ẹ̀tì yín ò jẹ́ kí ìyá aláta sọ ẹrù kalẹ̀ tán kí wọ́n tó gbọwọ́ sí i. Ilé ìyàgbẹ́ tí wọ́n kọ́ sẹ́yìn ọjà ńkọ́? Wọ́n kùn ún ní búlúù, wọ́n ṣí i, wọ́n sì fi àgádágodo tì í lọ́jọ́ kan náà. Ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ lọ́dún 2019, Àṣẹ Ààrẹ nọ́ńbà 009, pé tó bá fi máa di 2025, kò gbọdọ̀ sẹ́ni tí yóò máa yàgbẹ́ síta mọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn ìyálọ́jà gbọ́ àṣẹ náà. Wọ́n ní kí n bá wọn béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo mọ èsì yín. Ẹ máa ní gómìnà ló di owó mú. Mi ò ní sọ pé irọ́ ni. Òfin fúnra rẹ̀ ló ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ gba inú àpò àjọni tó wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ kọjá, ohun tó sì wọnú àpò àjọni, a mọ bó ṣe ń jáde. Ìdí nìyẹn tí inú wa fi dùn ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó káńsù máa lọ tààrà sọ́dọ̀ káńsù, àti pé gómìnà kankan ò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ìgbìmọ̀ afìdíhẹ́ rọ́pò àwọn tí ìlú dìbò yàn. Wọ́n lu ìlù ní sẹkitéríàtì yín lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́ ọ délé. Àríyànjiyàn lórí ìdájọ́ náà ò tán nílẹ̀, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sì mọ̀ pé nínú ọgọ́rùn-ún náírà tí wọ́n bá pín nínú àpò àjùmọ̀ní orílẹ̀-èdè, 20.60 ni gbogbo káńsù 774 jọ ń pín, àti pé owó oṣù tísà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti owó àwọn tó fẹ̀yìn tì ti bu tiwọn kó tó kan yín. Ó ṣòro, mo gbà.

Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ilé ìyàgbẹ́ ò sí l'Ábùjá, Alága. Gómìnà ò ní kí ọkọ̀ má kó ẹrẹ̀. Agolo ọ̀dà kan àti ọmọ ilé ìwé tó mọ̀wé kọ tó láti fi nọ́ńbà sára gbogbo ilé àdúgbò wa láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ṣé ẹ rántí afárá kékeré tó wà lọ́nà ilé ìwé? Ẹgbẹ́ onílé ló dáwó rẹ̀. Ẹni tí kò lówó gbé yanrìn, ẹni tí kò lè gbé yanrìn se ẹ̀bà fún àwọn bíríkìlà. Ẹ̀yin lẹ wá gé ríbọ́nù. A ò bínú. Ẹ sọ̀rọ̀ dáadáa, ìrẹsì ọjọ́ náà sì dùn, àwa náà la san owó rẹ̀. Ohun tó kàn mí ni pé lọ́jọ́ Àìkú kejì, akápò wa jókòó lábẹ́ àtíbàbà, ó ka ìnáwó afárá náà láti orí sìmẹ́ńtì dé orí ìṣó. Nígbà tó dé ibi bísíkíìtì àlejò, Bàbá Sùrá dìde, ó ní bísíkíìtì yẹn ti pọ̀ jù, ó ní ta ló jẹ ẹ́. A fẹ́rẹ̀ẹ́ máà lọ sílé. Ọ̀rọ̀ bísíkíìtì pẹ́ nílẹ̀ ju ọ̀rọ̀ afárá lọ. Àmọ́ nígbà tí wọ́n tún dáwó ọdẹ lóṣù tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó kọ̀.

Bẹ́ẹ̀, owó tó ń wọ káńsù kì í ṣe awo. Láti ìgbà tí Ngozi Okonjo-Iweala kọ́kọ́ ṣe mínísítà ètò ìnáwó ni wọ́n ti ń tẹ iye tí wọ́n pín fún káńsù kọ̀ọ̀kan jáde fáráyé rí. A mọ iye tó ń bọ̀. Ibi tó ń yà sí la ò mọ̀. Ẹ bá mi bi àwọn àgbà tó wà ní agbègbè Ìbàdàn ní 1968 sí 1969 ohun tójú wọn rí, nígbà tí owó orí ń lọ sókè tí ọ̀nà oko sì ń bàjẹ́, tí àwọn àgbẹ̀ ò rí ohun tí wọ́n ń fowó náà ṣe. Táfà Adéoyè àtàwọn Àgbẹ́kọ̀yà ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ tó dìde sí ìjọba nígbà náà, ò jókòó kọ lẹ́tà ṣíṣí. Èmi ń kọ lẹ́tà. Ẹ bá mi dúpẹ́.

Ohun tí mo wá ń bẹ̀bẹ̀ fún ò ju bébà kan lọ lóṣù kan: iye tó wọlé, iye tó jáde, ohun tí wọ́n fi ṣe. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kó hàn ketekete, kí Bàbá Sùrá lè kà á láìwá awò. Kẹ́ ẹ kọ bísíkíìtì náà sí i.

Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀dù tí ẹ ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ló wọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti fún káfíńtà lówó. Ó ti rẹ́ páálí, ó ti kùn ún, ó ti fi dígí sí i nítorí òjò. Ó ní òun ṣetán láti wá kàn án nígbàkígbà. Ibi tí òun máa kàn án mọ́ nìkan ló ń béèrè: ṣé ara ògiri sẹkitéríàtì ni, àbí ẹ̀yìn pátákó tí àwòrán yín wà? Mo ní kó ṣe sùúrù títí ẹ ó fi fèsì. Ó ní títí di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni sùúrù òun dé, torí bọ́ọ̀dù náà ń gba ààyè ní ìsọ̀ òun.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ará àdúgbò tí kò lórúkọ.