Alàgbà Mo-Wà-Níbẹ̀

Kò sí òde tí wọ́n ti gbé olórin wá ní Ayépé tí ẹ ò ní bá a. Ìbáà jẹ́ ìsìnkú, ìbáà jẹ́ ọdún Iléyá, ìbáà jẹ́ eré ìparí ọdún tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú dáwó jọ ṣe, yóò ti jókòó kí àwọn eléré tó tú wáyà ẹ̀rọ wọn tán. Iwájú pátápátá ló máa ń jókòó sí, kì í sì í ṣe tìtorí orin. Ó fẹ́ kí àwọn tó bá jókòó tì í gbọ́ tẹnu òun ni. Ẹ má bi mí pé ta ni. Kì í ṣe ẹnì kan. Wọ́n wà ní Ayépé, wọ́n wà ní Òdógbolú, wọ́n kún Ìjẹ̀bú-Òde bámúbámú: bàbá tó ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì ní Èkó, tó kọ́lé sílé, tó dé fìlà abetí ajá, tó ká apá mọ́ àyà. Ọmọ onígìtá ò tíì ta okùn mẹ́ta tí Alàgbà á ti mirí, tí á pòṣé. “Ẹ̀yin ò tíì gbọ́ orin. Nígbà tí Fẹlá ń kọ ọ́, mo wà níbẹ̀.”

Ìtàn Fẹlá yìí ló fẹ́ràn jù. Ó ní òun wà ní Shrine, gbọ̀ngàn eré Fẹlá, ní Agídíngbì, lálẹ́ ọjọ́ kan tí orin gun Fẹlá, tó kọ “Lady” títí ilẹ̀ fi mọ́, nítorí pé òun Alàgbà ló pariwo béèrè fún un láti ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká fi sùúrù tú u. Shrine àkọ́kọ́ wà ní òtẹ́ẹ̀lì Empire, ní Ìdí-Òrò, Mushin. Lẹ́yìn tí àwọn ṣọ́jà dáná sun ilé Fẹlá ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977, ó kúrò ládùúgbò náà, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ló wá ṣí òmíràn ní Òpópónà Pepple, Ìkẹjà. Ti Agídíngbì tí Alàgbà ń wí yìí, àwọn ọmọ Fẹlá ló kọ́ ọ, ọdún 2000 ni wọ́n sì ṣí i. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1997 ni Fẹlá kú. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí bàbá ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ibi tí Alàgbà ti wò ó. Bóyá òkú ló jí kọrin fún un. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, eré ọjọ́ náà dùn lóòótọ́. Ti “Lady” tó béèrè fún ńkọ́? Ẹni tó bá lọ wo Fẹlá rí mọ̀ pé tó bá ti gbé orin kan jáde nínú àwo, ó parí, kì í fẹ́ kọ ọ́ lójú agbo mọ́. Ariwo ẹnu ẹnikẹ́ni kì í yí i lọ́kàn padà.

Ẹ sọ èyí fún un, kò ní bínú. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò wò yín láti orí dé ẹsẹ̀, yóò ní: “Ṣé wọ́n ti bí ẹ nígbà yẹn?”

Ibẹ̀ ni gbogbo agbára rẹ̀ wà. Ó mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kò ní sọ fún àgbàlagbà pé irọ́ lẹ̀ ń pa. Ohun tó pọ̀ jù tí èèyàn lè sọ ni pé “bóyá ẹ ṣì í gbọ́, sà”, Alàgbà á sì fẹsẹ̀ rìn lórí ọ̀wọ̀ yẹn kọjá bọ́ sínú irọ́ mìíràn. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n fi kọ́ wa láti kékeré ló sọ di gèètì tó ń gbà wọlé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú ni wá. Ìjẹ̀bú tó bá fẹ́ fi ọjọ́ orí purọ́, kó yáa má bá régbérégbé rẹ̀ lọ síbi ayẹyẹ Ojúde Ọba. Àwọn tí wọ́n bí sáàárín ọdún díẹ̀ síra wọn ló ń wà nínú régbérégbé kan, orúkọ ẹgbẹ́ nìkan sì tó ìwé ìbí. Gbogbo wa la rí Alàgbà nínú aṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ń jó lọ síwájú ààfin. Ìṣirò náà kò le. Nígbà tí ọdún 1973 wọlé, ọmọ tí wọ́n ń nu imú fún ni.

Mo mẹ́nu ba 1973 nítorí pé òun náà ló sọ pé Paul McCartney, ọ̀kan nínú àwọn Beatles, wá kọrin ní Èkó lọ́dún náà, pé òun dúró níwájú rẹ̀ gan-an, òógùn rẹ̀ sì ta sí òun lára. Òótọ́ ni pé McCartney wá. Àwo Band on the Run ló wá gbohùn rẹ̀ sílẹ̀, nílé ìgbohùnsílẹ̀ EMI ní Àpápá. Àwọn olè dá òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ́nà, wọ́n gba téèpù orin lọ́wọ́ wọn, Fẹlá sì tún fẹ̀sùn kàn án pé orin aláwọ̀ dúdú ló fẹ́ wá jí lọ. Kò ṣeré kankan fún ará Èkó. Bí òógùn ẹnikẹ́ni bá ta sí Alàgbà lára lọ́dún yẹn, ti ìyá rẹ̀ tó pọ̀n ọ́n ni.

Ohun tó tilẹ̀ dùn mí níbẹ̀ ni pé ìtàn gidi wà nílẹ̀ tí kò mọ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ta rọ́ọ̀kì nígbà náà, wọ́n ta á dáadáa. Berkley Jones, Laolu Akins àti Mike Odùmósù ṣa lẹ́tà lára orúkọ wọn, wọ́n sọ ẹgbẹ́ wọn ní BLO, ọdún 1973 yẹn náà sì ni àwo wọn àkọ́kọ́ jáde. Orúkọ Odùmósù kò ṣàjèjì létí Ìjẹ̀bú, àbí? Àwọn ọmọ ilé ìwé St. Gregory's ní Èkó náà dá ẹgbẹ́ Ofege sílẹ̀, wọ́n gbé àwo jáde nígbà tí yunifọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́rùn wọn. Ẹ bi Alàgbà léèrè nípa Ofege. Kò ní bi yín pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. “Mo wà níbẹ̀.”

Ti Hárúnà Ìṣọ̀lá ni mi ò lè dárí rẹ̀ jì í. Ìjẹ̀bú-Igbó ni Hárúnà, ara ilé ni. Alàgbà ní bí bàbá náà ṣe ta gìtá lálẹ́ ọjọ́ kan, omi ń dà lójú òun pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀. Gìtá! Nínú àpàlà! Ìlù, agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ohùn ni Hárúnà fi dárà títí ó fi kú lọ́dún 1983, òun sì ni Ìjẹ̀bú kan wá ń gbé gìtá há lọ́wọ́.

Mo lè fara da àwọn òǹwòran yòókù. Ọmọ tó gbé fóònù sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé ìparí, tó wá wo olórin tòótọ́ nínú dígí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọ̀gbẹ́ni tó ń pariwo pé kí onífújì kọ orin jùjú ti Obey. Àwọn obìnrin tó dí iwájú pa torí fọ́tò. Wọ́n ń dí wa lójú ni, wọn ò gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá wo Alàgbà nígbà tí olórin bá sọ̀ kalẹ̀ wá bá a. Ọmọ náà ti rí i pé àgbà ló jókòó síwájú, ó fìbàdí balẹ̀ pẹ̀lú makirofóònù, ó ń kì í. Onígángan tẹ̀ kọdọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀wù rẹ̀ ti tutù mọ́ ọn lẹ́yìn. Alàgbà ti ọwọ́ bọ àpò agbádá. Gbogbo wa ń wo ọwọ́ náà. Ọwọ́ pẹ́ nínú àpò. Nígbà tí yóò jáde, fóònù ló mú dání, ó sì gbé e sétí, fóònù tí kò dún. “Hẹ́lò? Hẹ́lò? Ariwo pọ̀ níbí o!” Ó dìde, ó gba ẹ̀yìn kánópì lọ. Onígángan tẹ̀ lé e dé ẹ̀yìn, ó ń fi ìlù bẹ̀ ẹ́, kó tó padà. Ìgbà tí olórin bá ti kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni Alàgbà máa ń rántí jókòó padà.

Ẹ bi í pé kí ló dé. “Irú àwọn èyí kọ́ ni mo ń náwó fún. Barrister ni mo ń náwó fún.” Síkírù Àyìndé Barrister kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2010. Gbogbo olórin tó fẹ́ràn ló ti kú, ó sì bá a lára mu bẹ́ẹ̀, nítorí òkú kì í bẹ̀rẹ̀ síwájú ẹni.

Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 tí ilé ẹjọ́ ti rán Bobrisky, gbajúmọ̀ orí ayélujára, lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà torí owó tó ń fọ́n lóde, ó tún ti rí àwíjàre tuntun: ìjọba ò fẹ́. Òfin báǹkì àpapọ̀ ti ọdún 2007 ló ka fífọ́n owó léèwọ̀ lóòótọ́. Kò ka kí èèyàn fi owó sínú àpòòwé léèwọ̀. Kò ka kí èèyàn fi fóònù fi owó ránṣẹ́ léèwọ̀, nọ́ńbà àkáǹtì àwọn ọmọ yẹn sì wà lára ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí Alàgbà fẹ̀yìn tì, wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ gàdàgbà. Ahun ni. Ìtàn tó ń pa ni aṣọ tó fi bo ahun rẹ̀.

Tó bá jókòó tì yín lóde tó ń bọ̀, ẹ má bá a jiyàn ọdún àti àdúgbò. Ẹ kàn ní kó bá yín ka nọ́ńbà àkáǹtì yẹn, pé ojú yín ò ríran tó. Fóònù rẹ̀ á dún. Tó bá ti lọ sẹ́yìn kánópì, ẹ fi tiyín ránṣẹ́ sáwọn ọmọ náà; ilẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ mọ́, wọn ò sì tíì rí owó epo jẹnẹrétọ̀.